Ẹ̀yin tó fẹ́ gbé áwúdọ̀ AC kọ́ ògiri n'Ílọrin, ẹ gbọ́ o

Oòrùn oṣù kẹta n'Ílọrin ò mojú ẹnì kankan. Tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, páànù orí ilé á máa ta kẹ́kẹ́, fáànù á máa fẹ́ ooru síni lára, ibẹ̀ lèèyàn á ti búra pé ọdún yìí òun máa ra AC, kódà tó bá jẹ́ owó àjọ lòun máa fi rà á. Kò burú náà. Àmọ́ mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, Tanke, Fate, Gáà Akanbi, mo sì máa ń dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán tíṣẹ́ bá gbé mi lọ, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè mí pé "ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bá wa fi gáàsì sí i, AC wa ò tutù mọ́", tí n bá débẹ̀, áwúdọ̀, ìyẹn apá AC tó máa ń wà níta, ni mo kọ́kọ́ ń lọ wò, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sábà máa ń wà. Ẹlòmíì á ti ra gáàsì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan! Gáàsì AC kì í tán bí epo mọ́tò o. Inú páìpù tó dé pa ló ń yí ká, tó bá dín, ó jò nìyẹn, tó bá sì jò, ẹni tó gbé e kọ́ ló yẹ ká lọ bi.

Mi ò ní kí ẹ ṣe é fúnra yín tí ẹ ò bá ní irinṣẹ́. Mò ń kọ èyí kí ẹ lè dúró ti oníṣẹ́ yín, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó máa wò, kó má lọ ṣe wàrà-wàrà kó gbowó kó sì sá lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí áwúdọ̀ ń ṣe ná. AC ò ṣe òtútù kankan, ooru tó wà nínú yàrá ló ń kó, á gbé e gba inú páìpù kọ́pà, á lọ dà á síta. Ó dà bí ẹni tó ń fi igbá gbọ́n omi kúrò nínú ilé tí òjò wọ̀: tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ló ń dà á sí, omi á tún ṣàn padà wọlé, á kàn máa da ara ẹ̀ láàmú ni. Àwọn ará ìlú òtútù náà ń lo ẹ̀rọ yìí, heat pump ni wọ́n ń pè é, fáàfù kan ló wà níbẹ̀ tó ń yí ọ̀nà gáàsì padà, á wá máa fa ooru látìta wọnú ilé. AC inverter míì (èyí tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ẹ̀ lè sáré tàbí kó rọra, kì í ṣe inverter oníbátìrì) tí wọ́n ń tà níbí náà ní i, ẹ ó rí àmì oòrùn lára rìmóòtù rẹ̀. Ìyá kan ní Basin ti tẹ̀ ẹ́ rí láìmọ̀, ní oṣù kẹrin o, wọ́n ní AC àwọn ti ya wèrè.

Nítorí náà, ibi tí ẹ máa gbé áwúdọ̀ sí lọ̀rọ̀ wà. Ó gbọ́dọ̀ rí atẹ́gùn fà, kó sì ráyè tú u jáde. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló ti ń fa atẹ́gùn, iwájú ló ń fẹ́ ẹ sí. Kí àárín òun àti ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, tó bá tó 30 ó tún dáa jù, kí iwájú ẹ̀ ṣí sílẹ̀ dáadáa, ó kéré tán mítà kan, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí páìpù ti ń wọ̀ ọ́ kí ọwọ́ oníṣẹ́ lè débẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ibi tóóró láàárín ilé àti fẹ́ǹsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi í sí, fẹ́ǹsì wá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú ẹ̀, ooru tó bá fẹ́ jáde á gbá fẹ́ǹsì, á tún padà sẹ́yìn, á tún fà á. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ inú ẹ̀ tó ń ti gáàsì kiri, á fi gbóná kọjá ààlà tí á sì pa ara ẹ̀. Ẹni tó ń fi í sínú báńkónì tí wọ́n ti fi gíláàsì dí, èyí tún burú jùyẹn lọ.

Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tẹ́ ẹ bá lè yẹra fún un, ẹ yẹra. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń mú jù, àsìkò yẹn náà lẹ sì fẹ́ kí yàrá tutù. Tí kò bá sí ibòmíì, ẹ fi páànù ṣe ìbòrí kékeré lé e lókè, àmọ́ kó má bo iwájú ẹ̀. Ẹ má gbé e síbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ń fẹ́ sí, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dín àkàrà, epo tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ á lẹ̀ mọ́ àwọn fíìnì ẹ̀ (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá) pẹ̀lú eruku, á di bíi ẹ̀kọ. Ẹ sì rántí fèrèsé aládùúgbò yín, ẹ̀rọ yìí ń pariwo lóru, ìjà ẹ̀ ò dáa.

Ó kan ògiri wàyí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí torí Ìlọrin wa ni. Ní agbo ilé àtijọ́, Pàkátà, Ajíkòbí, Àdàbàtà àti gbogbo àyíká Ọjà Ọba, ọ̀pọ̀ ilé tẹ́ ẹ rí tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ tí wọ́n kùn lọ́dà dáadáa, amọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Dírílì á wọlé wọ́rọ́, inú oníṣẹ́ á dùn pé iṣẹ́ yá, kò mọ̀ pé erùpẹ̀ lòun ń gbẹ́. Áwúdọ̀ 1HP tàbí 1.5HP máa ń wọ̀n tó kìlógíráàmù 25 sí 35, ó sì ń gbọ̀n tọ̀sán-tòru. Mo ti rí èyí tó já lulẹ̀ rí, òun àti bíráákẹ́ẹ̀tì àti odidi ègé ògiri kan, ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ọmọ ilé wà ní kéwú lásìkò náà. Ilé amọ̀, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà da kọnkéré síbẹ̀, kó ga tó búlọ́ọ̀kù kan sí méjì kí àgbàrá òjò má bà a, kẹ́ ẹ sì fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀. Tàbí kí wẹ́dà ṣe ìdúró irin fún un.

Ilé búlọ́ọ̀kù náà ní tiẹ̀. Búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú, tí rawl bolt (bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ògiri kó lè mú) bá bọ́ sínú ihò yẹn, ẹ ó máa fi sípánà yí i, á kàn máa yípo ni, kò ní mú. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń wá ibi tí bíìmù tàbí pílà wà kí n fi bíráákẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, mo ń gbẹ́ ihò já sínú ilé, mo á fi bóòtù gígùn kọjá, mo á fi pẹ́rẹ́sẹ́ irin kékeré tì í nínú kí n tó fi nọ́ọ̀tì dè é. Ìyàwó ilé lè máa kùn pé ó ba ọ̀dà jẹ́. Kí ọ̀dà bàjẹ́. Ẹ sì fi rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ló ń gba ìgbọ̀nrìrì yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé e bọ̀ láti ọjà, ìdúró ni kó wà. Kẹ̀kẹ́ NAPEP lè gbé e tẹ́ ẹ bá dì í mú, àmọ́ ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Òróró tó wà nísàlẹ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀ á ṣàn wọnú páìpù. Tó bá ti dùbúlẹ̀, ẹ gbé e dìde kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan án.

Páìpù ńkọ́? 1HP sábà máa ń lo ọ̀kan tínínrín tí wọ́n ń pè ní 1/4 àti ọ̀kan 3/8, 1.5HP lè jẹ́ 1/4 àti 1/2, ẹ wo ara ẹnu áwúdọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní "gbogbo ẹ̀ ìkan náà ni". Ihò tí ẹ máa gbẹ́ sára ògiri, kó dà sísàlẹ̀ díẹ̀ níhà ìta, kí omi òjò má gba ibẹ̀ wọlé, kí hóòsì omi AC náà sì lè ṣàn láìdúró. Kọ́pà aláìgbámúṣé pọ̀ lọ́jà, tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Páìpù méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi fóòmù dúdú wé, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má dì wọ́n pọ̀ sínú fóòmù kan.

Ẹnu páìpù yìí ni ibi tí gáàsì ti ń jò jù, nítorí náà ẹ má kánjú níbẹ̀. Pipe cutter ni kẹ́ ẹ fi gé e, kì í ṣe ayùn, torí ayùn á da ìyẹ̀fun irin sínú ẹ̀. Ẹ dojú ẹnu ẹ̀ kọlẹ̀ kẹ́ ẹ ha etí tó mú kúrò, kí ohun tó bá já má wọ inú lọ. Ẹ ki nọ́ọ̀tì bọ páìpù KÍ Ẹ TÓ fi flaring tool ṣí ẹnu ẹ̀ (gbogbo wa la ti gbàgbé èyí rí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá kankan tàn yín), kó wá là bí ẹnu kàkàkí, kó dọ́gba yíká, kó má sán. Tó bá sán, ẹ gé e dànù kẹ́ ẹ ṣe òmíràn. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì kó wọlé geere, ẹ wá fi sípánà méjì dè é, ọ̀kan dì í mú, ọ̀kan ń yí. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára ẹ̀ dè é á fa ẹnu páìpù ya, ẹni tó bá sì dè é gbẹ̀rẹ̀ á jẹ́ kó jò.

Ó wá kan ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ. Lẹ́yìn tí páìpù bá ti wọlé, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ṣì wà nínú ẹ̀. Àwọn kan á ṣí fáàfù díẹ̀, gáàsì á fẹ́ "ṣìì" jáde fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n á ní àwọn ti lé afẹ́fẹ́ náà. Irọ́ ni. Ọ̀rinrin ṣì wà níbẹ̀, á bá òróró kọ̀mpírẹ́sọ̀ pò, á sọ ọ́ di ásíìdì tí yóò máa jẹ waya inú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, AC á ṣiṣẹ́ ọdún kan, á kú, wọ́n á ní iná NEPA ló pa á. Vacuum pump, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde, ni kẹ́ ẹ béèrè. Kó fà á fún ó kéré tán ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí abẹ́rẹ́ gauge (aago tó ń wọn agbára gáàsì nínú páìpù) lọ sísàlẹ̀ odo títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 30, kó pa pump, kó jókòó, kó wo abẹ́rẹ́ yẹn fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú. Tó bá ń gòkè padà, ibì kan ń jò, iṣẹ́ ò tíì tán nìyẹn. Tí oníṣẹ́ bá dé láìgbé pump dání, ẹ fún un lómi tutù mu, ẹ ní kó lọ gbé e wá.

Tó bá dúró gbọnin, kó fi Allen key ṣí fáàfù kékeré, lẹ́yìn náà ti ńlá, díẹ̀díẹ̀, kó ṣí i dé òpin. Gáàsì tó wà nínú áwúdọ̀ tuntun láti ilé iṣẹ́ máa ń tó fún páìpù bíi mítà mẹ́ta sí márùn-ún, kò sí ìdí tí wọ́n á fi gbowó gáàsì lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àyàfi tí páìpù yín bá gùn jùyẹn. Ẹ po ọṣẹ kó hó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo ojú nọ́ọ̀tì, tó bá ń yọ ìfófòó níbẹ̀, ó ń jò. Ẹ ka sítíkà ara ẹ̀ kẹ́ ẹ mọ irú gáàsì tó ń lò. R22 ni àwọn àtijọ́, R410A tàbí R32 ni àwọn tuntun, wọn kì í po ara wọn pọ̀ o, R32 sì lè gbiná, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mu sìgá tàbí kó tan iná sídìí ẹ̀. Tó bá tan, R22 á máa wà ní bíi psi 60 sí 75 lójú gauge, R410A bíi psi 110 sí 140, àmọ́ ti inverter, gauge lásán ò tó, sìkéèlì ni wọ́n fi ń wọn gáàsì tiẹ̀.

Iná: waya 2.5mm, bíréékà tirẹ̀ lọ́tọ̀, 20 amps ń gbé 1.5HP dáadáa, waya ááàtì tó wọlẹ̀ lóòótọ́. Ẹ má so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fíríìjì àti ẹ̀rọ ìgbóná omi wà. Tí iná àdúgbò yín bá ń lọọlẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ fi sítébíláísà sí i, tí iná bá sì ń já tó ń wá, kó pẹ́ tó bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tún gbéra. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour ò lè gbé e, ẹ má dán an wò, torí ìgbà tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá ń gbéra, iná tó ń fà á máa ń ju èyí tó ń fà tó bá ti ń sáré lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Ká dán an wò: lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi tẹmọ́mítà wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ìnùdọ̀ (apá AC tó wà nínú yàrá) lókè àtèyí tó ń jáde nísàlẹ̀, ìyàtọ̀ ẹ̀ yẹ kó wà láàárín dígírì Celsius 8 sí 12. Níta, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ jáde yẹ kó gbóná. Tí ò bá gbóná, kò kó ooru kankan bọ̀ látinú ilé.

Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe káàjì fún un kó tó di alẹ́ ọjọ́ kan náà, àwọn olè ń wá kọ́pà, àmọ́ kí irin ẹ̀ fẹ̀ síra kó má dí afẹ́fẹ́. Alángbá tún wà o, ó fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á wọ ibi bọ́ọ̀dù iná, á fara kan waya, òun kú, bọ́ọ̀dù kú, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ihò waya. Lẹ́yìn ọyẹ́, bíi oṣù kejì, eruku á ti kún ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa bíréékà ná, ẹ fi hóòsì lásán da omi sí i látòkè wá sísàlẹ̀, ẹ má lo mọ́ṣíìnì tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, ìyẹn á tẹ àwọn fíìnì ẹ̀ mọ́ra wọn.