Bí Àlejò Ṣe Lè Mọ Lọ́ńdọ̀nù Dénú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Lọ́ńdọ̀nù, kó fi ààfin ọba sílẹ̀ ná. Whitechapel, ní ìlà-oòrùn ìlú náà, ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ wo àkọlé ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ náà: èdè Bengali wà níbẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì láti 2022. Ẹ wá rìn dé òpópónà Brick Lane, bíi ìṣẹ́jú 15 ni.

Ní igun Fournier Street, ẹ dúró dáadáa. Mọ́sálásí ló wà níwájú yín, ọ̀pó irin gíga kan ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yà sí Fournier Street kí ẹ gbójú sókè: aago oòrùn wà lára ògiri mọ́sálásí náà, ọdún 1743 sì wà lára rẹ̀. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí wọ́n lé kúrò ní Faransé ló kọ́ ilé náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lò ó lẹ́yìn wọn, ó di sínágọ́gù àwọn Júù ní 1898, àwọn Mùsùlùmí láti Bangladesh sì gbà á ní 1976. Kò sí ibòmíràn tí mo mọ̀ tó ṣàlàyé ìlú náà tó báyìí. Ẹ má lọ lásìkò ìrun Jímọ̀ o. Èrò á ti kún ojú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Oxford Circus láàárín ìlú, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 12, alájà méjì ni, kí ẹ jókòó lókè, níwájú pátápátá. Ní àdúgbò Elephant and Castle, ilé gogoro tuntun lẹ máa rí níbi tí ọjà àwọn ará Látìn Amẹ́ríkà wà kí wọ́n tó wó o ní 2021. Peckham ni kí ẹ ti bọ́ sílẹ̀.

Bọ́ọ̀sì kì í gba owó tútù. Ẹ fi káàdì tàbí fóònù kan ẹ̀rọ bí ẹ bá ń wọlé; ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ẹ kàn án níwọlé níjàáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á gba owó tó ga jù. Káàdì kan náà ni kí ẹ máa lò. Bí ẹ bá fi káàdì wọ̀kan, tí ẹ fi fóònù wọ èkejì, ẹni méjì lẹ̀rọ máa kà yín sí, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tó yẹ kí ẹ wọ̀ láàárín wákàtí kan á sì bọ́.

Ní Rye Lane, òpópónà ọjà Peckham, ẹ kí ìyá tó ń ta èlùbọ́ pé "ẹ kú ọjà", ẹ ra nǹkan díẹ̀, kí ẹ tó béèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà tẹ́lẹ̀ àti bí owó ilé ṣe rí. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.