Ẹ Gbàgbé Oògùn Họ́mọ̀nù Lánàá? Ẹ Má Lo Méjì Lónìí

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń lo oògùn họ́mọ̀nù nítorí pé nǹkan oṣù wọn ti dá tàbí pé ó ń dá lọ, bí wọ́n bá gbàgbé hóró ti àná, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé méjì mì lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni wọ́n ń yá lò, torí pé wọ́n máa ń ní kí èèyàn lo hóró méjì lọ́jọ́ kan bó bá gbàgbé irú kan nínú ìyẹn. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni tibí. Kì í dènà oyún. Ooru òjijì àti òógùn òru ló ń pẹ̀tù sí. Ọjọ́ kan tí ẹ gbàgbé kì í sábà ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì lè kó èébì, orí fífọ́ tàbí ọmú ríro bá yín.

Fún ọ̀pọ̀ hóró àti jẹ́ẹ̀lì ojoojúmọ́, bí kò bá tíì ju wákàtí 12 lọ tó yẹ kí ẹ ti lò ó, ẹ lò ó. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀, ẹ fò ó, kí ẹ dúró de àsìkò èyí tó kàn. Ẹ ka ìwé tó wà nínú páálí tiyín, torí oògùn ò rí bákan náà.

Ti èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ara yàtọ̀. Ẹ ṣí ti àtijọ́ kúrò bí ẹ bá ti rántí, kí ẹ lẹ tuntun síbòmíràn nísàlẹ̀ ìdodo tàbí níbàdí. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmú láé. Ẹ má sì yí ọjọ́ padà: bó bá jẹ́ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ lẹ ń pààrọ̀, tí ẹ wá rántí ti Ajé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ náà lẹ ó tún pààrọ̀.

Họ́mọ̀nù méjì, estrogen àti progesterone, ni wọ́n sábà máa ń lò pọ̀; èyí tó ń ká mi lára jù ni progesterone. Estrogen ló ń mú ooru rọlẹ̀, nítorí náà àwọn kan kì í ka ìkejì yìí sí; bí wọn ò bá lò ó, ara kò ní sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ilé ọmọ yín bá ṣì wà, estrogen nìkan á máa mú kí awọ inú rẹ̀ nípọn, bó bá sì pẹ́, ó lè di jẹjẹrẹ. Progesterone ló ń dènà ìyẹn. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ lálẹ́ kan, kò le, àmọ́ bí ẹ bá ń gbàgbé rẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ tètè sọ fún dókítà. Ẹ má sì gbé kápúsù progesterone tí à ń lò lálẹ́ mì láàárọ̀ kí ẹ wá lọ wakọ̀: ó máa ń mú oorun àti òòyì wá.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè yọ lẹ́yìn tí ẹ bá gbàgbé. Síbẹ̀, ẹ má di ẹ̀bi gbogbo ẹ̀jẹ̀ ru ìgbàgbé. Bó bá pọ̀, bó bá ń padà wá, tàbí tó ṣì ń yọ lẹ́yìn oṣù 6 tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò.

Ẹ má fi í pamọ́ fún dókítà pé ẹ máa ń gbàgbé. Bí kò bá mọ̀, ó lè rò pé oògùn náà ò tó, kó sì fi kún un. Bí hóró ojoojúmọ́ bá nira, ẹ béèrè èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ara, tí à ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Oògùn irú progesterone tún wà tí dókítà máa ń fi sínú ilé ọmọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀.