Bí ẹ ṣe lè máa ka ìwé àtìgbàdégbà ìránṣọ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì láì ba aṣọ jẹ́

Ẹni tó ń ránṣọ kì í ka ìwé àtìgbàdégbà bí ẹni ń ka ìròyìn. Á ṣí i sí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rán síìpù mọ́ aṣọ, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, á wo ìlà kan, á rán an, á tún gbójú sókè wò ó. Iṣẹ́ yìí gan-an ni tábúlẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n ṣe ju bébà lọ, torí pé kì í pa ara rẹ̀ dé, ẹ sì lè fi ìka méjì fẹ àwòrán tó bá kéré. Pátáànì, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ló yàtọ̀. Orí bébà ni pátáànì ti ń di aṣọ, àwọn tó bá sì ń fẹ́ kí ojú ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ méjèèjì ni aṣọ wọn kì í bá ara mu.

Ẹ wọn ojú ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sanwó. Ínǹṣì tí wọ́n kọ sára páálí, láti igun dé igun ni. Fífẹ̀ ló kan ẹni tó fẹ́ kàwé. Ọ̀pọ̀ ìwé ìránṣọ kò jìnnà sí A4, A4 sì fẹ̀ ní mìlímítà 210. Tábúlẹ́ẹ̀tì ínǹṣì 8 tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 108. Ojú ewé á sún kì dé ìdajì, lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ní pọ́ńìtì 9 á wá rí bíi pọ́ńìtì 4 àtààbọ̀, ojú ò sì ní lè kà á pẹ́. Ti ínǹṣì 10.5 fẹ̀ ní bíi mìlímítà 141, ìyẹn ìdá méjì nínú mẹ́ta A4. iPad ínǹṣì 10.9 fẹ̀ ní 158, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ibẹ̀ ni kíkà ti ń rọrùn láì fẹ ojú ewé rárá.

Tí owó ò bá gbé èyí tó tóbi, ẹ dá ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀. Ínǹṣì 10.5 tí a dá dùbúlẹ̀ fẹ̀ ní bíi mìlímítà 226, nítorí náà ojú ewé á tóbi díẹ̀ ju ti bébà gan-an lọ. Apá òkè lẹ máa kọ́kọ́ rí, ẹ ó wá fi ìka tì í sókè kí ìsàlẹ̀ yọ. Ibi tí èyí ti máa ń bàjẹ́ ni pé bí ẹ bá ti dá ẹ̀rọ dùbúlẹ̀, ọ̀pọ̀ ápù máa ń gbé ojú ewé méjì jáde pọ̀, gbogbo nǹkan á wá kéré ju bó ṣe wà lóròó lọ. Ẹ wọ inú ètò ápù náà, kí ẹ yan "Single page".

Ẹ̀dà tí ẹ máa bá pàdé kì í ṣe oríṣi kan. Èyí àkọ́kọ́ ni ojú ewé bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ nìkan, tí ápù tún tò kí lẹ́tà lè tóbi. Ìkejì yìí dára fún ìtàn àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ṣùgbọ́n ẹ má fi ránṣọ, torí pé àwòrán 4 lè wá bọ́ sábẹ́ àlàyé àwòrán 6, àtẹ ìwọ̀n ara náà á sì fọ́n ká. Ti PDF, ẹ fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀. Tó bá tàn, ojúlówó ọ̀rọ̀ ni, ẹ ó lè wá "síìpù" tàbí "kọ́là" nínú ọdún mẹ́wàá ìwé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí kò bá tàn, fọ́tò ojú ewé ni wọ́n kó jọ. Ẹ wá fẹ àwòrán kan ní ìlọ́po mẹ́ta: bí ìlà rẹ̀ bá di kùrukùru, ẹ má retí pé ẹ máa rí ojú ìrán níbẹ̀.

Ẹ̀dà kan lè wọn MB 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà Wi-Fi ni kí ẹ fi dáńlóòdù rẹ̀, kì í ṣe dátà ọjọ́ kan. Kí ẹ sì dán an wò: ẹ tan "Airplane mode", ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìparí. Àwọn ápù kan máa ń sọ pé àwọn ti gbà á tán, bẹ́ẹ̀ ojú ewé tí ẹ ti ṣí rí nìkan ló wà nínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọọ̀kì bá lọ pẹ̀lú apá aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ lẹ máa mọ̀. Ẹ fi ọdún àti oṣù bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì, bíi "2024-03", wọ́n á to ara wọn fúnra wọn.

Ojú ewé kan wà tó yẹ kí ẹ ya sínú fóònù kí ẹ tó lọ sọ́jà: ibi tí wọ́n kọ iye aṣọ, síìpù àti bọ́tìnnì sí. Mítà ni ìwé ilẹ̀ Jámánì bíi burda style fi ń ka aṣọ. Yáàdì ni wọ́n ń tà ní Balógun àti Gbági. Yáàdì kan jẹ́ sẹ́ńtímítà 91.44, nítorí náà mítà 2.10 jẹ́ yáàdì 2.3, ẹ ra 2 àtààbọ̀. Ẹ wo fífẹ̀ aṣọ pẹ̀lú. Tí wọ́n bá ṣe ètò gígé fún aṣọ tó fẹ̀ ní sẹ́ńtímítà 140, tó sì jẹ́ Ańkárá tó fẹ̀ ní bíi ínǹṣì 45, ìyẹn 114, lẹ mú dání, iye yẹn ò ní tó. Ẹ kọ́kọ́ to pátáànì sílẹ̀ nílé láàárín ìlà 114, kí ẹ wọn gígùn rẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì, ọwọ́ òsì ni kí ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí, kó ga tó ojú, kó jìnnà sí áyọ́ọ̀nù àti ooru omi rẹ̀. Ẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì máa ń wọ ihò ṣájà. Ẹ lẹ téèpù pélébé mọ́ ọn tí ẹ bá ń gé aṣọ. Ẹ sún àkókò tí ojú ẹ̀rọ fi ń kú sí èyí tó pẹ́ jù tí ẹ̀rọ yín gbà, kí ẹ má baà máa fi ọwọ́ ẹlẹ́fun jí i. "Night Light" tó ń mú ojú ẹ̀rọ pọ́n ń yí àwọ̀ padà, ẹ pa á tí ẹ bá ń wo aṣọ. Òwú, ẹ gé aṣọ díẹ̀ dání lọ rà á, ẹ má fi àwọ̀ ojú ẹ̀rọ yan án láé.

Ó wá kan pátáànì. Ẹ wò ó dájú kí ẹ tó sanwó pé pátáànì wà pẹ̀lú ẹ̀dà tí ẹ ń rà, torí pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà orí ẹ̀rọ ló ń bá a wá. Tó bá wà, PDF tí wọ́n ṣe fún títẹ̀ nìkan ló wúlò. Ẹ má gbé bébà lé ojú ẹ̀rọ dà á kọ. Fífẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìka ti yí ìwọ̀n padà. Ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ lọ tẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi "Document", kì í ṣe fọ́tò, torí pé WhatsApp ń fún fọ́tò pọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ pé "Actual size" tàbí 100% lẹ fẹ́. Tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, "Fit" ló lè lò, ẹ̀rọ á sì dín ojú ewé kù kó lè gba inú bébà. Kó kọ́kọ́ tẹ ojú ewé tí igun mẹ́rin ìdánwò wà nìkan, ìyẹn àpótí kékeré tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Ẹ fi rúlà onírin wọ̀n ọ́n, kì í ṣe téèpù télọ̀, nítorí téèpù tó ti pẹ́ ti nà. Tó bá yẹ kó jẹ́ sẹ́ńtímítà 10, tó wá jẹ́ 9.7, àyà 96 á di 93.1, bọ́tìnnì ò sì ní pàdé ihò rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tẹ ìyókù títí ìwọ̀n á fi pé. Ìwé Amẹ́ríkà lè jẹ́ ti bébà Letter, tó fẹ̀ ju A4 lọ ní mìlímítà 6. Etí ìlà lè gé kúrò lórí A4, nítorí náà ẹ wá ẹ̀dà A4 nínú fáìlì náà.

Lórí pátáànì, ìlà oríṣiríṣi ìwọ̀n ara máa ń pọ̀ lórí ara wọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí ẹ fi ápù PDF bíi Xodo tàbí Acrobat Reader kun ìlà tiyín ní pupa, kí ẹ tó fi wé bébà. Pátáànì inú burda style kì í sì ní àláwáǹsì, ìyẹn àyè tí wọ́n ń fi sílẹ̀ létí aṣọ fún ìrán: ẹ fi sẹ́ńtímítà 1.5 kún etí, ẹ fi 4 kún ìṣẹ́tí.

Lórí owó sísan, PDF tí ẹ lè tọ́jú sọ́wọ́ ara yín sàn ju ápù lọ. Google dẹ́kun ìwé àtìgbàdégbà tí ojú ewé rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ní oṣù kìíní 2020. Amazon sì dáwọ́ títà wọn sórí Kindle dúró ní oṣù kẹsàn-án 2023. Ẹni tó bá ní káàdì láíbìrì ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, kó wò ó bóyá láíbìrì rẹ̀ ń lo Libby, ápù tí wọ́n fi ń yá ìwé láíbìrì. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò sì ní tò dúró de ìwé àtìgbàdégbà níbẹ̀. Ó dára fún kíkà.

Pátáànì tí ẹ ti gé, ẹ ká a sínú àpòòwé, kí ẹ kọ orúkọ fáìlì rẹ̀ gan-an sójú àpòòwé náà, àti nọ́ńbà ojú ewé tí àlàyé rẹ̀ wà.