Ohun tó ń pa àmì kábọ́ọ̀nù-13 kù nínú sẹ́ẹ̀lì tòmátì wa

Ní Ìlọrin níbí, a ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì tòmátì nínú ìgò kí lycopene inú wọn, èròjà tó ń mú tòmátì pupa, lè gba àmì kábọ́ọ̀nù-13, ìyẹn kábọ́ọ̀nù tó wúwo díẹ̀ ju ti gbogbo ìgbà lọ. Bí èèyàn bá jẹ lycopene yìí, a ó lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Glúkóòsì alámì, ṣúgà oní-kábọ́ọ̀nù-13 tí a fi ń bọ́ wọn, wọ́n bí ojú, nítorí náà ó dùn mí wọra nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé àmì náà kò pọ̀ tó.

Glúkóòsì yìí ni mo kọ́kọ́ fura sí. Àṣé sẹ́ẹ̀lì tí mo fi ṣe irúgbìn ni! Inú ṣúgà lásán ni wọ́n ti dàgbà, omi ṣúgà yẹn sì ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Bí wọ́n bá di ìlọ́po 8, ìdá 1 nínú 8 ṣì jẹ́ ti àtijọ́.

Mo sẹ́ wọn bí ẹni sẹ́ ògì, mo fi omi oúnjẹ tí kò ní ṣúgà ṣàn wọ́n títí omi fi mọ́ gaara. Glúkóòsì alámì nìkan ni mo fún wọn, nínú òkùnkùn. Nígbà tí wọ́n di ìlọ́po 8, n kò kórè. Mo bu díẹ̀ sínú ìgò tuntun, wọ́n tún di ìlọ́po 8. Ti àtijọ́ wá ku ìdá 1 nínú 64. Lycopene tí mo kó lẹ́yìn ìyẹn gba àmì dáadáa.