Ṣéènì ìdákọ̀ró: bí yóò ṣe gùn tó, bí a ṣe ń so ó, àti ìgbà tó yẹ ká pa á tì

Ìdákọ̀ró kì í wọlẹ̀ bí a bá ń fà á sókè. Ìgbà tí a bá ń fà á lórí ilẹ̀ gbọọrọ ni eyín rẹ̀ ń rì. Iṣẹ́ ṣéènì nìyẹn: ìwúwo rẹ̀ ló ń mú un sùn sí ìsàlẹ̀ omi, tí ọkọ̀ ò fi ní gbé ìdákọ̀ró nílẹ̀. Ẹni tó ra ìdákọ̀ró olówó ńlá tó fi okùn nìkan so ó, owó ló sọ sómi.

Ẹ wọn jíjìn omi. Ẹ fi gíga imú ọkọ̀ kún un, àti iye tí omi yóò fi kún sí i. Ká ní omi jìn ní mítà 4, imú ọkọ̀ ga ní mítà 1, omi á sì tún gòkè ní mítà 1: ó di 6. Bó bá jẹ́ ṣéènì ni látòkè délẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ìyẹn mítà 30. Bí okùn bá gùn jù nínú rẹ̀, ìlọ́po 7, mítà 42. Ẹni tó ka 4 nìkan á tú mítà 20 sílẹ̀. Bí omi bá kún lóru, ìlọ́po 5 rẹ̀ ti di 3 àti díẹ̀, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Ṣéènì mìlímítà 8 wúwo tó kìlò 1.4 ní mítà kan. Ti 10 ju kìlò 2 lọ. Ẹ má kàn ra èyí tó nípọn jù, imú ọkọ̀ kékeré á tẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fà á, eyín ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ bá òrùka ṣéènì mu. Bí kò bá mu, ṣéènì á máa fò.

Ibi ìsopọ̀ ló sábà máa ń dalẹ̀. Ẹ yí bọ́ọ̀tì shackle (irin tó rí bíi U tí a fi ń so ṣéènì mọ́ ìdákọ̀ró) le, kí ẹ ki wáyà bọ ojú kékeré tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ wé e mọ́ ara shackle lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì lọ́ ọ pọ̀. Kì í ṣe wáyà bàbà o: nínú omi iyọ̀, bàbà á jẹ síńkì tí wọ́n fi bo irin. Ìdí ṣéènì, ẹ fi okùn so ó mọ́ inú ọkọ̀, kí okùn náà gùn dé orí ọkọ̀. Bí nǹkan bá le, ọ̀bẹ á gé e; ọ̀bẹ ò gé irin.

Ẹ má da ṣéènì jọ lé ìdákọ̀ró lórí, á lọ́ mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ ṣe ń sún sẹ́yìn ni kí ẹ máa tú u. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ́ńjìnnì fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ lé ṣéènì níwájú ibi tó ti ń jáde: bó bá ń gbọ̀n gìrìgìrì, ìdákọ̀ró ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ fà á sókè, kí ẹ tún un jù. Bó bá sì ti mú, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń fa ṣéènì máa gba agbára ọkọ̀. Okùn náílọ́ọ̀nù tó ní ìkọ́, tí ẹ fi kọ́ ṣéènì, tí ẹ sì so mọ́ ọkọ̀, ni kó gbà á.

Ẹrẹ̀ ọ̀sà Èkó máa ń lẹ̀ mọ́ òrùka. Ẹ fọ̀ ọ́ kó tó wọlé, kí ẹ sì fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án.

Ẹ fi kálípà, irin tí a fi ń wọn ìnípọn, wọn ibi tí òrùka méjì ti ń ha ara wọn. Nínú ọkọ̀ ńlá, èyí tó bá ti jẹ dé ìdá 12 nínú 100 ni wọ́n ń pààrọ̀. Nínú ṣéènì mìlímítà 10, ìyẹn ni pé ó ti kù sí mìlímítà 8.8. Bí kò bá tíì dé bẹ́ẹ̀, ẹ yí orí rẹ̀ sí ìdí, kí apá tí kò tíì ṣiṣẹ́ bọ́ síwájú.