Síìdì Pléyà Tó Ń Fo Orin: Àwọn Àṣìṣe Tó Máa Ń Pa Á Pátápátá

Síìdì pléyà tó ti pẹ́ nílé kì í sábà kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á kọ́kọ́ máa fo orin, á máa ti ẹsẹ kan bọ́ sí òmíràn. Tó bá yá, síìdì á máa yí nínú rẹ̀ láìdún. Lẹ́yìn náà á wá kọ "No Disc" sójú, bẹ́ẹ̀ síìdì wà níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí mo ń rí láàárín Àkúrẹ́, àìsàn tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kéré. Ìtọ́jú tí wọ́n fún un ló bà á jẹ́.

Ọdún 1982 ni síìdì pléyà kọ́kọ́ dé ọjà, ní Japan, nítorí náà àwọn àgbà inú wọn ti lé lógójì ọdún. A ò lè sọ pé ká kó wọn dànù. Ilé púpọ̀ ló ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí tí síìdì Sunny Adé, ọmọ Oǹdó, àti ti Orlando Owoh kún inú dúrọ́ọ̀. Síìdì ìsìnkú màmá àgbà àti ti ìgbéyàwó tún wà níbẹ̀, èyí tí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ má tíì mú sukurudíráfà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí síìdì kan fo orin, kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ fi síìdì mìíràn dán an wò, ó kéré tán méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ojúlówó tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ síìdì kan ṣoṣo ló ń fo, tó sì jẹ́ ojú kan náà ló ti ń fo lójoojúmọ́, síìdì yẹn ló ní ẹjọ́ í rò. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé láti àárín ni pléyà ti máa ń ka síìdì bọ̀ wá sí etí, kò dà bíi rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní àárín yẹn, ó ń yí nǹkan bí ìgbà 500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá fi máa dé etí, á ti rọlẹ̀ sí nǹkan bí 200. Nítorí náà, bí orin ìbẹ̀rẹ̀ bá mọ́ kedere lórí gbogbo síìdì, tó wá jẹ́ àwọn orin ìparí ló ń fo, ẹ fura sí irin tí lẹ́ǹsì ń rìn lé lórí. Bí kò bá tilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ fura sí lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ tàbí mọ́tò tó ń yí síìdì.

Ọ̀rọ̀ àwọn síìdì tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà kọ náà wà ńlẹ̀. Wọn kì í dán tó èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀, pàápàá irú èyí tí a lè pa rẹ́ ká tún un kọ. Pléyà àtijọ́ lè má rí i kà, kò sì túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Bákan náà ni síìdì tí wọ́n ń tà lọ́jà tí wọ́n ní ọgọ́rùn-ún orin ló wà nínú ẹyọ kan. MP3 nìyẹn, ìyẹn orin tí wọ́n fún pọ̀ kó lè gba àyè díẹ̀. Bí wọn kò bá kọ MP3 sójú pléyà yín, kò ní kọ ọ́, àní bó jẹ́ tuntun. Mo ti rí àwọn tó sanwó àtúnṣe nítorí èyí nìkan, owó yẹn sì dùn mí ju bó ti dun àwọn tó ni ín lọ.

Ọṣẹ ìfọyín, kẹrosíìnì àti etí ìró

Bí síìdì bá dọ̀tí, omi tó mọ́ àti ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ ti tó, pẹ̀lú aṣọ òwú rírọ̀. Ẹ má fi kẹrosíìnì nù ún, ẹ má sì fi ọṣẹ ìfọyín ha á. Ọṣẹ ìfọyín máa ń ha nǹkan ni, ìdí nìyẹn tó fi ń fọ eyín.

Bí a ṣe ń nù ún ṣe pàtàkì ju ohun tí a fi nù ún lọ. Láti àárín síta ni kí ẹ máa nù ún, ní tààrà. Ẹ má nù ún ní òbìrípo. Orin inú síìdì jẹ́ ìlà kan tó ń yí láti àárín dé etí. Bí nǹkan bá fa ìlà kọjá lórí rẹ̀ lóòró, ibi kékeré ló gbà nínú orin kọ̀ọ̀kan, pléyà sì mọ bó ṣe lè ṣírò ohun tó sọnù kó sì dí i. Ṣùgbọ́n bí ìhá bá bá ìlà orin náà yí, orin tó ń sọnù tẹ̀lé ara wọn á pọ̀ ju agbára ìṣírò yẹn lọ. Èmi a máa wo ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń fi etí ìró tàbí bùbá yí síìdì nù yíká, tí wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀.

Ojú tí wọ́n kọ orúkọ sí gan-an ló lẹgẹ́ jù. A máa ń rò pé ojú tó ń dán ni orin wà, nítorí náà a ń gbé ojú orúkọ sílẹ̀ lórí tábìlì gbàǹgbà. Ṣùgbọ́n abẹ́ orúkọ yẹn gan-an ni orin wà, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló bò ó. Ìhá ojú dídán ṣeé dán. Ìhá ojú orúkọ kò látùn-únṣe. Ẹ gbé síìdì náà sókè kọjú sí oòrùn ojú fèrèsé: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láti inú ihò wẹ́wẹ́, awọ dídán bíi fàdákà tó wà níbẹ̀ ti lọ. Ẹ má fi bíírò kọ nǹkan sí i, ẹ má sì lẹ bébà mọ́ ọn, nítorí ooru á ká a sókè, síìdì á sì máa gbọ̀n bó ti ń yí.

Lẹ́ǹsì

Bí ẹ bá ṣí ojú pléyà, ẹ ó rí i: ó kéré bí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì dán, ó ń tàn díẹ̀ bíi búlúù. Wáyà tó fẹ́lẹ́ gidigidi ló gbé e dúró, kó lè máa gòkè kó máa sọ̀ bó ti ń wá ojú orin. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa wa yìí á bò ó. Èéfín kọ́ìlì tí a fi ń lé ẹ̀fọn àti ti ilé ìdáná á tún lẹ̀ mọ́ ọn títí á fi di bí ẹni pé ìkúùkù bo ojú rẹ̀.

Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Ẹ ra isopropyl alcohol, ìyẹn sípírítì tí kò ní àwọ̀, èyí tó tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi rin òwú tí a fi ń ro etí, kó má kán, kí ẹ wá fi ra ojú lẹ́ǹsì jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Sípírítì aláwọ̀ elésè àlùkò tí wọ́n ń tà nílé oògùn kò dára fún un, nítorí àwọ̀ rẹ̀ á kù sójú. Lọ́fínńdà àti itọ́ lórí háńkáṣíìfù náà kò dára. Ẹ má ní kí fọkanáísà bá yín fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Omi àti ọ́ìlì wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, agbára rẹ̀ sì lè já wáyà ìlẹ̀kẹ̀ yẹn.

Ẹ má fojú sún mọ́ lẹ́ǹsì láti wò ó bóyá ó ń tàn nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Iná lésà ni ìmọ́lẹ̀ tó ń lò, ojú ènìyàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, nítorí náà pupa kékeré tí ẹ rí kọ́ ni gbogbo agbára rẹ̀.

Òróró, rọ́bà àti súkúrù kékeré kan

Gíríìsì ara irin lẹ́ǹsì máa ń gbẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó fi gíríìsì funfun díẹ̀ sí i. Òróró á gan, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á ta sójú lẹ́ǹsì. Bí tíréè kò bá ṣí mọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ ṣí i tipátipá. Rọ́bà tó ń fà á ló ti dẹ̀. Ẹ mú ògbólógbòó rẹ̀ lọ sọ́jà kí ẹ fi wọn tuntun. Rọ́bà tí a fi ń di owó kò lè rọ́pò rẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni súkúrù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì. Òun ló ń pinnu bí iná lésà ṣe máa lágbára tó. Àwọn atúnrédíòṣe kan máa ń yí i, orin á sì dún lójú ẹsẹ̀, oníbàárà á dúpẹ́, á sanwó. Lésà tó ti ń kú lọ ni wọ́n tún ń fipá mú ṣiṣẹ́. Kò ní pẹ́ kú pátápátá. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má yí i. Lẹ́ǹsì tuntun, ìyẹn odindi ẹ̀yà tó gbé lẹ́ǹsì àti lésà pọ̀, ni kí ẹ ní kí wọ́n fi sí i, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára ògbólógbòó. KSS-213 tàbí SF-P101N ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé ń lò.

Àwọn lẹ́ǹsì tuntun mìíràn a máa ní ẹ̀kán lẹ́ẹ̀dì kékeré (òjé tí wọ́n fi ń jó wáyà mọ́ra) lára pátákó wọn. Wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì yẹn so ojú méjì pọ̀ kí iná ara ènìyàn má baà pa lésà lọ́nà ni. Bí a bá ti so wáyà pẹlẹbẹ rẹ̀ tán, a gbọ́dọ̀ fi ayọ́n tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì yọ́ ọ kúrò. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, kò ní tàn rárá, ẹ ó sì máa sọ pé ẹni tó tà á ta ayédèrú fún yín. Nígbà ọyẹ́, kí ẹni tó máa mú un fọwọ́ kan irin kó tó fọwọ́ kàn án.

Iná

Tòkunbọ̀ láti Japan, iná 100 fóltì ló ń lò, ti Amẹ́ríkà 120. Iná tiwa lé ní 200. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ki í bọ sókéètì. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ yọ ọ́ títí yóò fi dúró. Bí ẹ bá gbé e láti ibi tí AC ti mú bọ́ sínú ooru, ẹ jẹ́ kó sinmi wákàtí kan, kí ìrì tó bo lẹ́ǹsì gbẹ.

Ní ti síìdì ìsìnkú àti ìgbéyàwó yẹn, ẹ má fi í dán ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn wò. Ẹ wá kọ̀ǹpútà tó ṣì ní ojú síìdì, kí wọ́n bá yín da gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì àti sórí fóònù àbúrò yín kan, kí ẹ tó gbé pléyà lọ fún ẹnikẹ́ni.