Ohun tí kò yẹ kó o ṣe bí o bá ń fi fóònù kan wé òmíràn

Àṣìṣe tó gbilẹ̀ jù ni kíka nọ́ńbà. A ó gbé fóònù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ó máa ṣírò: bátìrì eléyìí ju tìyẹn lọ, megapixel ìyẹn (mílíọ̀nù àmì tín-ín-tìn-ìn-tín tí kámẹ́rà fi ń ya àwòrán) ju teléyìí lọ, èyí tó bá gba máàkì jù la ó rà. Bẹ́ẹ̀ inú fóònù há. Kí ohun kan tó ráyè wọlé, òmíràn ti ní láti sún tàbí kó jáde pátápátá. Bí wọ́n bá ń yin nǹkan kan lára fóònù fún ọ, béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Wo iPhone 4 ọdún 2010. Irin tó yí etí rẹ̀ ká gan-an ni Apple sọ di antẹ́nà, fóònù náà sì tín-ín-rín ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Àmọ́ àlàfo kékeré kan wà nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí irin kan ti pàdé èkejì. Ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì dì í mú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bo àlàfo yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Nígbà tí ariwo pọ̀, Apple pín ìbòrí fún àwọn oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ka irú àléébù yẹn nínú ìwé. Ọwọ́ ló ń rí i.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé kéèyàn máa fi ìka méjì gbé fóònù tó fẹ́ rà bí ẹni gbé ẹyin. Dì í mú bí o ṣe máa ń dì í nílé. Fi ọwọ́ kan ṣoṣo tẹ ọ̀rọ̀, kí o wá fi àtàńpàkò wá igun òkè lọ́hùn-ún. Ṣé ó débẹ̀? Tàbí o ní láti yí fóònù náà lọ́wọ́ kó tó débẹ̀?

Samsung náà jẹ nínú rẹ̀. Lára Galaxy S8 ọdún 2017, wọ́n fẹ́ kí ojú fóònù gba gbogbo iwájú, ni wọ́n bá gbé ibi ìtẹ̀ka tí a fi ń ṣí fóònù lọ sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà gẹ́lẹ́. Ìka tó ń wá ibi ìtẹ̀ka kò rí ẹ̀yìn, ojú kámẹ́rà ló ń fọwọ́ pa, àwòrán á sì ṣú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, S9 dé, wọ́n ti gbé e sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ kámẹ́rà.

Ní ti megapixel, má fi 108 wé 12 bí ẹni ń wọn aṣọ. Galaxy S20 Ultra ní 108 lóòótọ́, àmọ́ bí o kò bá yí i padà fúnra rẹ, àmì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ló ń pa pọ̀ di ọ̀kan, àwòrán megapixel 12 ló máa gbé fún ọ.

Àwọn kan tún ń ra fóònù nítorí pé ó fẹ́lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán. Gíláàsì ẹ̀yìn yẹn níṣẹ́: ó ń jẹ́ kí ṣáàjì tí kò lo wáyà wọlé, irin kì í gbà fún un. Ṣùgbọ́n gíláàsì ń fọ́, ni wọ́n bá wọ pọ́ọ̀ṣì nínípọn fún un. Fífẹ́lẹ́ dà? Pọ́ọ̀ṣì yẹn ni kí o fi wọ̀n ọ́n.

Má sì gbọ́ IP68, àmì pé fóònù lè kojú omi àti eruku, kí o gbé e lọ sínú òkun. Omi lásán ni wọ́n fi dán an wò, nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Ohun tí wọ́n fi dí etí rẹ̀ máa ń gbó. Wọ́n máa ń sọ pé nítorí omi ni bátìrì kò ṣe ṣeé yọ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán: Galaxy S5 ọdún 2014 ní IP67, òun náà lè kojú omi, bátìrì rẹ̀ sì ṣeé yọ. Ohun tó ná wọn ni ẹ̀yìn oníke, àti ìdérí kékeré tí èèyàn ní láti pa dé lórí ihò ṣáàjì ní gbogbo ìgbà.

Èyí tó kù kò gùn: ihò kan náà kò túmọ̀ sí eré kan náà. iPhone 15 àti 15 Pro ọdún 2023 jọ ń lo ihò ṣáàjì USB-C, ṣùgbọ́n eré tí ti Pro lè fi gbé nǹkan gba inú wáyà tó ìlọ́po ogún ti èkejì. Bí o kì í bá fi wáyà kó fídíò ńlá, má ṣe san owó kankan lé e nítorí ìyẹn.